Kí A Tó Gbàdúrà Sí Celica Náà Lẹ́ẹ̀kejì

Láti ọjọ́ Sátidé tí fídíò yẹn ti jáde ni fóònù wa kò ti sinmi. Ẹ ti rí i: ọkọ̀ funfun kan tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pupa, tí páìpù irin kún inú rẹ̀, tó ń yí kóònù po nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀tà. Ẹnì kan kọ ọ́ pé a ti sọ ilé Ọlọ́run di pápá eré ìje. Ẹlòmíì béèrè bóyá owó ìdámẹ́wàá la fi ra ọkọ̀. A ò bínú. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí gan-an. Ó gùn díẹ̀ o, ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ lè padà wá kà á tó bá dalẹ́.

Owó ìjọ kankan ò wọ inú ọkọ̀ yẹn. Kọ́bọ̀ kan báyìí, rárá. Ká ti gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọmọkùnrin tó ni ọkọ̀ náà ló ń lu ìlù fún ẹgbẹ́ akọrin wa. Iṣẹ́ rẹ́wáyà ló ń ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ò fẹ́ kí orúkọ jáde, a sì ti ṣèlérí fún màmá. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó rí Toyota Celica 1995 kan lẹ́yìn ilé ẹnì kan, koríko ti hù bo táyà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí ọkọ̀ yẹn: ilẹ̀kùn méjì, iná roboto mẹ́rin níwájú, ó rẹlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yọ́ gba abẹ́ géètì wọlé. Nígbà tí àwa ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí irú rẹ̀ bá kọjá, gbogbo àdúgbò ló máa yíjú sí i. Ọdún 1970 ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Celica, wọ́n sì dá a dúró ní 2006. Nítorí náà, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí lónìí, àgbàlagbà ni.

Ìdí tí ọmọ náà fi lè tún un ṣe ni pé ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní 5S-FE, lítà 2.2, ìbátan èyí tó wà nínú Camry Pencil Light ni. Ta ni ò mọ Pencil Light ní Sàngó? Pààtì rẹ̀ kún Ládípọ̀ àti Òwódé Onírin. Láàárín oṣù mẹ́rin, ó jí ọkọ̀ náà dìde. Ó yọ sáílẹ́ńsà rẹ̀ kúrò kí ó lè máa bú bíi kìnnìún. Ó fi ẹ̀rọ gírídà gé sípíríǹgì rẹ̀ kúrú kí ọkọ̀ lè tẹrí mọ́lẹ̀. Ó kùn ún ní pupa. Ó wá ní òun ti sọ ọ́ di ọkọ̀ ìje.

Ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìn ìdúpẹ́. Ìyá rẹ̀ jó wọlé, ó jó jáde. Lẹ́yìn ìsìn, a bọ́ síta, a mú òróró, a ta á sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ta á sí sítíárì, a fi àtàǹpàkò wa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. A pàṣẹ pé ọkọ̀ náà kò ní mu ẹ̀jẹ̀. Ìjọ ké Àmín tí òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é. A ti ṣe é fún bọ́ọ̀sì, fún kẹ̀kẹ́ Márúwá, fún tírélà pàápàá. A kì í béèrè nǹkan kan. Wọ́n gbé ọkọ̀ wá, a gbàdúrà, wọ́n lọ.

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pè wá, aago mẹ́rin ìdájí ò tíì lù. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ń fi ọkọ̀ bára wọn díje lóru lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, lápá ibi tó ń lọ sí Ìfọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ọ̀nà yẹn, ẹ mọ bó ṣe rí. Tírélà sìmẹ́ǹtì láti Ewékorò, òmíì tó bàjẹ́ dúró sójú títì láìní iná kankan lẹ́yìn, kòtò tó jẹ́ pé tí òjò bá rọ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó jìn tàbí kò jìn. Tírélà tó dúró ló ṣàdédé rí níwájú. Ó tẹ bíréèkì. Ó ní ẹsẹ̀ òun lọ kanlẹ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ fóòmù. Ó wá yí sítíárì, ọkọ̀ wọ igbó, ó sì takìtì lẹ́ẹ̀kan. Òrùlé lápá ọ̀tún, níbi tí èrò iwájú máa ń jókòó sí, wọlẹ̀ títí tó fi kan orí àga.

Kò sí ẹnì kankan lórí àga yẹn. Egungun èjìká ọmọ náà ṣẹ́, gíláàsì sì gé e lójú. Ohun tó ṣe é mọ nìyẹn.

Àwọn kan nínú ìjọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí kó tó di ọ̀sán pé òróró ló ṣiṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwa ò ní ká má dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tá a dé ilé ìwòsàn, ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì, kò sunkún, kò pariwo. Ó kàn gbójú sókè, ó ní, "Dádì, ṣebí ẹ gbàdúrà sí i?"

A ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, a gbà dípúlọ́mà lórí rẹ̀, a ti dáhùn ìbéèrè tó le jùyẹn lọ lórí pẹpẹ. Lọ́jọ́ yẹn, a ò rí nǹkan kan sọ.

Díákónì wa kan wà tó ti ń ṣe mẹkáníìkì láti ìgbà Pijó 504. Òun ló lọ fa ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pè wá. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ wá wo nǹkan." Ó ṣí ìdérí ibi tí ọ́ìlì bíréèkì wà. Ọ́ìlì tó yẹ kó mọ́ bí òróró ẹ̀pà, ó ti dúdú bíi zóbò. Ó ní ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀, bí iyọ̀ ṣe máa ń ṣe nígbà òjò. Èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 3, tó bá jẹ́ tuntun, ó gbọ́dọ̀ gba ooru dé 205°C ó kéré tán kó tó hó. Tó bá ti fa omi mọ́ra, 140°C ti lè tó láti mú un hó. Tó bá sì ti hó, ìfóòfó ló máa kún inú páìpù rẹ̀, ìfóòfó kì í sì í ti nǹkan. Ẹsẹ̀ yóò lọ kanlẹ̀, ọkọ̀ yóò máa lọ.

Ó tún ní ká má gbàgbé pé eré àti agbára kì í rìn ní ìwọ̀n kan náà. Ọkọ̀ tó ń sá 120 kìlómítà ní wákàtí kan, agbára tí bíréèkì máa pa lára rẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì ti èyí tó ń sá 60. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Gbogbo agbára yẹn, inú páàdì àti dísìkì ló ń lọ, ooru ló ń dà. Ọmọ yìí ti fi kún eré, kò fi nǹkan kan kún ohun tó ń dá eré dúró.

Ó wá mú ọwọ́ wa, ó gbé e lé ara táyà ẹ̀yìn kan. Nọ́mbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀ nínú àmì gbọọrọ: 1109. Ó ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2009 ni wọ́n ṣe táyà yẹn. Ojú rẹ̀ ṣì ní eyín dáadáa, ṣùgbọ́n rọ́bà rẹ̀ ti gan bí pọ̀nmọ́ tí wọn ò tíì rẹ. Ẹ̀yin ará, ibi tí nọ́mbà yẹn wà gan-an ni àtàǹpàkò wa tẹ òróró mọ́. Ojú wa dì nígbà náà, àdúrà là ń gbà.

Ẹ lè rò pé látìgbà yẹn la ti gbọ́n. Rárá o. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a gun pẹpẹ, a wàásù lórí Jéhù, ọ̀gágun inú Bíbélì tí olùṣọ́ dá mọ̀ láti òkèèrè nítorí bó ṣe ń wakọ̀ bí wèrè. A ní ẹ̀mí Jéhù ti wọ inú àwọn ọ̀dọ́ Sàngó. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì lọ́rùn. Ó dìde, ó jáde. Oṣù méjì la ò fi rí i, ẹlòmíì ló ń lu ìlù. Ìyàwó wa sọ fún wa nínú yàrá pé ó rọrùn láti bú Jéhù ju ká lọ bẹ ìyá ọmọ náà lọ. A gbọ́, ó sì dùn wá, nítorí òótọ́ ni.

Ọmọ náà padà wá fúnra rẹ̀, ọjọ́ Wednesday kan, kì í ṣe ọjọ́ ìsìn. Ó ní, "Dádì, mo fẹ́ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fún títì mọ́. Mo fẹ́ ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an." A ní kó jókòó. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa. Ó ní ṣé a mọ̀ pé Celica ti gba ife-ẹ̀yẹ nílẹ̀ àwọn aládùúgbò wa níbí? Ó ní ní Côte d'Ivoire, ìdíje ralí kan wà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1969, Bandama ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Inú ẹrẹ̀ àti igbó ni wọ́n ń gbà. Ọdún 1972, ọ̀nà náà le débi pé kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí rẹ̀. Ní 1983, Björn Waldegård, ará Sweden, fi Celica gbégbá orókè níbẹ̀. Juha Kankkunen, ará Finland, fi Celica gbà á ní 1985, Waldegård sì tún padà wá gbà á ní 1986. Ní Kenya, ní Safari Rally, Celica ló gbà á ní 1984, 1985 àti 1986, ọdún mẹ́ta léra. Kì í ṣe irú tirẹ̀ gan-an ni o, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti pẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ni.

A ò jẹ́ kó borí wa. A ní Pijó ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Pijó 504 náà gba ti Côte d'Ivoire ní 1978, Jean-Pierre Nicolas ló wà á, ọdún yẹn kan náà ló sì gba ti Kenya. Háà! Pijó 504 tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kaduna láti 1975, tí àwa ń wọ̀ láti Ọ̀tà lọ sílé lọ́dún Kérésì, èèyàn mẹ́ta lẹ́yìn, mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀yìn. A béèrè pé kí ni wọ́n ṣe sí i tó fi borí. Ìdáhùn rẹ̀ ni a ò gbàgbé. Ó ní, "Dádì, ohun tí mo ti ṣe sí tèmi, òun ló gbẹ̀yìn nínú ohun tí àwọn yẹn máa ń ṣe."

A sọ fún un pé a ò ní bá a lọ́wọ́ sí i láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ gbà. A jọ lọ bá màmá ní ọjà Sàngó, níbi tó ti ń ta ẹja gbígbẹ. A ti múra bá a ṣe máa fi ẹsẹ̀ Bíbélì rọ̀ ọ́. Kò jẹ́ ká débẹ̀. Ó ń to ẹja lọ, kò tilẹ̀ wò wá, ó ní, "Dádì, ẹ má tíì gbàdúrà. Wíwò ni kẹ́ ẹ wò ó dáadáa."

Nígbà tá a ń padà lọ sílé ni Diutarónómì orí 22 ẹsẹ 8 sọ sí wa lọ́kàn. Ẹ lọ kà á. Ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun ni Ọlọ́run ń bá wí níbẹ̀, pé kó mọ odi yí òrùlé ká, torí tẹ́nì kan bá já bọ́ látibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn onílé. Ọlọ́run kò ní kó lọ gbàdúrà pé kẹ́nikẹ́ni má já bọ́. Odi ló ní kó mọ. A ti wàásù lórí orí ìwé yẹn, a sì máa ń fo ẹsẹ yẹn ni, a rò pé ọ̀rọ̀ bíríkìlà ni.

Odi òrùlé ọkọ̀ ìje, àgò irin ni. Páìpù ni wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì jó pọ̀ nínú ọkọ̀ láti ilẹ̀ dé òrùlé, kó lè jẹ́ pé tí ọkọ̀ bá takìtì, àgò ló máa gbé e dúró, kì í ṣe orí èèyàn. A ní tí àgò yẹn ò bá tíì wọlé, òróró wa ò ní kan ọkọ̀ náà.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Díákónì ní ara ọkọ̀ tó ti takìtì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń nà padà kí wọ́n tún fọkàn tán an. Oṣù mẹ́fà ni ọmọ náà fi wá òmíì kó tó rí Celica funfun kan lápá Abẹ́òkúta tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì ti pupa sínú funfun. Bọ́nẹ́ẹ̀tì funfun ti jẹra, ni wọ́n bá gbé ti pupa lé e. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi rí i ní àwọ̀ méjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé àmì awo ni, ẹ rọra.

Lẹ́yìn náà ni yíyọ. Iṣẹ́ tó gùn jù nìyẹn, òun ni kò sì ní owó nínú. Wọ́n yọ àga ẹ̀yìn, kápẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ amúlétutù, rédíò, ìbòrí ilẹ̀kùn, títí dé ọ̀dà dúdú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ kí ariwo má bàa wọlé. Wọ́n fi ṣísẹ́lì ha ìyẹn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra irin àlòkù, ó ní ó lé ní ọgọ́rùn-ún kílò. Èyí tó jẹ́ irin níbẹ̀, wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ọ̀tà níbí tí ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin pọ̀ sí, kò níí pẹ́ tí apá kan Celica yẹn máa di ọ̀pá irin nínú òpó ilé ẹnì kan.

Nígbà tó kan àgò, wẹ́dà tí wọ́n kọ́kọ́ pè gbé páìpù omi wá, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe géètì àti ìdúró táǹkì. Ó dán, ó lẹ́wà, kò sì wọ́n. Arákùnrin kan nínú ìjọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irin lágbègbè ilé-iṣẹ́ níbí ló ní kí wọ́n dá a padà. Ó fi ọwọ́ ra inú páìpù náà, ó fi hàn wá bí ojú àpá ṣe gùn láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ká tí wọ́n sì jó pọ̀ níbẹ̀, tó bá gba ìlùkù, ibẹ̀ ló ti lè là. Síńkì tí wọ́n fi bò ó tún wà níbẹ̀, èéfín rẹ̀ máa ń dá ibà sí wẹ́dà lára, kì í sì í jẹ́ kí ojú ìjó dára. Ìwé òfin FIA, àjọ tó ń darí eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, ní páìpù àgbà tó yí ẹ̀yìn awakọ̀ ká gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní ojú àpá rárá, kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 45, kí irin rẹ̀ nípọn tó mílímítà 2.5, tàbí 50 pẹ̀lú 2. Ibi tí ẹsẹ̀ àgò ti kanlẹ̀ náà, irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mílímítà 3 gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí ilẹ̀ ọkọ̀ fẹ́lẹ́, páìpù lè gún un kọjá bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gún aṣọ.

Owó páìpù yẹn ju owó tó fi ra ọkọ̀ funfun lọ. Ọmọ náà ta rédíò rẹ̀, ó ta ẹsẹ̀ ọkọ̀ alágbàrá tó ti rà tẹ́lẹ̀, ó ṣe rẹ́wáyà lálẹ́ fún àwọn oní-bọ́ọ̀sì. Oṣù márùn-ún. Lóòótọ́, nígbà kan ó wá bẹ̀ wá pé ká jẹ́ kí òun lo páìpù géètì fún ti iwájú nìkan, pé ẹ̀yìn ló ṣe pàtàkì. A fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ọmọ náà ti rù. Ṣùgbọ́n a rántí ẹja gbígbẹ lórí àtẹ, a ní rárá.

Ẹ jẹ́ ká sọ nǹkan kan fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ti ń kọ̀wé sí wa pé ẹ fẹ́ fi àgò sí ọkọ̀ tẹ́ ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ má dán an wò. Àgò yẹn sún mọ́ orí. Tí kò bá sí akoto lórí yín, tí bẹ́líìtì ìje ò sì dì yín mọ́ àga, páìpù tó yẹ kó gbà yín là ló máa lu agbárí yín tẹ́ ẹ bá kọ lu nǹkan. Ọkọ̀ ìje kì í ṣe ọkọ̀ títì mọ́. Ọmọ náà ti tú nọ́mbà ọkọ̀ kúrò lára tirẹ̀, wọ́n ń fà á ni tó bá fẹ́ jáde.

Àga àti bẹ́líìtì náà ní ìtàn tiwọn. Ní ọjà, wọ́n ń ta àga ìje tòkunbọ̀, ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ìwé kékeré kan wà tí wọ́n rán mọ́ ọn, ọdún tí wọ́n ṣe é wà níbẹ̀. Irú àga tó wọ́pọ̀ jù yẹn, ọdún márùn-ún ni òfin FIA fún un. Àwa tí a máa ń yí páálí oògùn kiri láti wá ọjọ́ tó máa kú, ṣé ó yẹ ká máa ra àga tó ti kú láti 2012? Ó rí èyí tí kò tíì kú, ó ra bẹ́líìtì olókùn mẹ́fà, ó sì ra ohun tí wọ́n ń pè ní HANS, tí wọ́n ń gbé lé èjìká kí orí má bàa fò síwájú já kúrò lọ́rùn. Kó tó di dandan káàkiri, Dale Earnhardt, ìlú-mọ̀ọ́ká awakọ̀ ìje ní Amẹ́ríkà, ti kú ní Daytona ní February 2001, orí rẹ̀ ló gbà á. Kò lo nǹkan yẹn lọ́jọ́ náà. Formula 1 sọ ọ́ di dandan ní 2003.

Bíréèkì ni wọ́n fi parí rẹ̀. Dísìkì tuntun, páàdì tó lè gba ooru, páìpù rọ́bà bíréèkì tuntun, DOT 4 tí wọ́n ṣí níṣojú wa. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ka nọ́mbà wọn sókè, Díákónì sì kọ ọ́ sílẹ̀. Sípíríǹgì tí wọ́n gé, wọ́n jù ú nù, wọ́n fi odidi sí i.

Níbo ló máa wá ti sá eré? South Africa ní Kyalami láti 1961. Nàìjíríà ò ní irú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa fi ń lọ sí márosẹ̀ lóru, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ìwàásù Jéhù ò lè yí ìyẹn padà. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa, ilé ìkẹ́rùsí ilé-iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé ni tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, kọnkéré ni wọ́n dà sí i fún tírélà. Èrò kóònù yẹn, ọmọ náà ló mú un wá: wọ́n máa to kóònù, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló máa wọlé lẹ́ẹ̀kan, kò sí ìdíje ojúkojú, eré rẹ̀ kì í pọ̀, bó ṣe ń yí àti bó ṣe ń dúró ni wọ́n ń wò. Àwọn àgbà ìjọ bá wa jà lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Méjì nínú wọn ò tíì bá wa sọ̀rọ̀ dáadáa dòní. A gbà pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí i.

Sátidé tó kọjá, a kó táyà àlòkù yí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì ká. A ní kí àwọn ọmọdé wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ pana-pana méjì wà nílẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, ìyá rẹ̀ dé. A ò pè é. Ó wọ inú ọgbà pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lápá, ó lọ tààrà síbi ọkọ̀, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tẹ̀ ba, ó di páìpù àgò mú, ó mì í. Kò mì. Ó fa bẹ́líìtì. Ó wo ìsàlẹ̀ táyà. Ó wá wò wá, ó ní, "Dádì, ẹ ti wò ó?"

A ní, "A ti wò ó, Màmá."

Ó ní, "Ó dáa. Ẹ wá gbàdúrà."

A ta òróró sí bọ́nẹ́ẹ̀tì pupa yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú wa là sílẹ̀.

Ọmọ náà dé akoto, Díákónì dì í mọ́ àga. Ó yí po lẹ́ẹ̀mẹta wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí táyà lè gbóná. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí ojú tààrà, ó tẹ iná, ọkọ̀ bú, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa níbi tí kóònù mẹ́rin tó kẹ́yìn wà, ọkàn wa sì lọ síbi tírélà yẹn ní Ìfọ̀. Ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ tẹ imú mọ́lẹ̀, ó dúró gbọnyin láàárín kóònù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò kan ìkankan. Àwọn ọmọdé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pariwo.

Ìyá rẹ̀ kò pàtẹ́wọ́. Ó sún mọ́ fèrèsé ọkọ̀, ó ní, "Ṣé o lè tún un ṣe?"

Ó padà sẹ́yìn, ó tún un ṣe. Ó ní kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tó ìgbà mẹ́fà kí màmá tó wá àga jókòó.